Ọjọ́ Tí Ẹnu-wa Jókòó Sórí Àga Dókítà Eyín

Alágbàfọ̀ ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, Ẹnu-wa ni gbogbo wa sì ń pè é. Kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àwa ogúnléndé tí wọ́n kó sí ilé alájà kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé nínú gbogbo wa, òun ló kọ́kọ́ gbọ́ èdè àwọn onílùú. Nígbà tí àwa ṣì ń nàka sí búrẹ́dì nínú ṣọ́ọ̀bù bí ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ, òun ti ń bá oníṣọ́ọ̀bù jiyàn pé búrẹ́dì àná ló fẹ́ tà fún òun. Bí tíṣà bá ránṣẹ́ pe òbí, Ẹnu-wa la ó pè. Bí omi bá ń jò láti yàrá òkè sórí ibùsùn ẹni tó wà nísàlẹ̀, Ẹnu-wa la ó kọ́kọ́ wá ká tó wá púlọ́ńbà. Kódà àwọn tọkọtaya tó ń jà a máa kanlẹ̀kùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń rìn kánmọ́kánmọ́ bí ẹni tí wọ́n ń pè níwájú. Ọkọ rẹ̀, tí à ń pè ní Kafíńtà nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ó ní ọjọ́ tí àwọn fẹ́ra làwọn ti pín iṣẹ́: ìyàwó á máa sọ, òun á máa gbọ́, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ gba iṣẹ́ ẹnìkejì ṣe. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, wẹ́dà ni mí, yàrá mi ló kọjú sí tiwọn. Ohun tí mi ò bá fojú ara mi rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí kó tó tutù.

Ilé ìfọṣọ tí Ẹnu-wa ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sílé. Àwọn ẹ̀rọ ńlá wà lápá kan tí wọ́n ń yí aṣọ gbirigbiri, tábìlì gígùn tí wọ́n ti ń lọ aṣọ wà lápá kejì, oru omi gbígbóná sì máa ń bo gíláàsì fèrèsé débi pé ẹni tó wà nínú ilé kì í mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀ níta tàbí oòrùn ń ràn. Aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀ jù, àti ẹ̀wù funfun àwọn dókítà eyín tó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ní òdìkejì títì. Ẹnu-wa ló ń lọ ẹ̀wù funfun wọ̀nyẹn. Bó bá lọ̀ ọ́ tán, ẹ lè fi ìlà apá rẹ̀ gé búrẹ́dì. Òun náà ló ń kó wọn lọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tó sì ń kó èyí tó dọ̀tí bọ̀.

Obìnrin kan máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà, tó ń gba orúkọ àwọn aláìsàn. Gíláàsì ojú rẹ̀ tóbi, súìtì kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀, nílé ìwòsàn eyín. Lọ́jọ́ kan, bí Ẹnu-wa ṣe ń gbé ẹ̀wù lé tábìlì, Onígíláàsì yìí yí súìtì láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí ìkejì, ó ní, "Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ẹ̀yin èèyàn tó ń gbé ilé ẹ̀yìn ibùdókọ̀ yẹn, ṣé ẹ kì í ní eyín ni?"

Ẹnu-wa wò ó. "A ní eyín. Kí ló dé?"

"Mi ò rí ẹyọ ẹnì kan nínú yín níbí rí, àfi ẹ̀yin, aṣọ lẹ sì ń gbé wá."

"A rò pé ti àwọn onílùú ni."

"Ti ìjọba ni. Ẹni tó bá ti ní káàdì ìgbélùú, ó kàn án. Káàdì tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ dé yẹn náà ni. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa wá kí eyín tó dùn wọ́n. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó dùn ún, ó ti pẹ́."

Ẹnu-wa ní òun kò mọ bí òun ṣe rìn délé lọ́jọ́ náà.

Ká tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, bí eyín bá ń dun ẹnikẹ́ni nínú wa, ìmọ̀ràn ló máa ń pọ̀ ju oògùn lọ. Ẹnìkan á ní kó po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná. Ẹlòmíì á ní kànáfùrù ni. Ẹnìkẹta á ní kó fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó sì má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, bí ẹni pé àwọn tó wà nílé ló ń dun eyín náà. Àwọn kan mọ̀ pé ilé ìwòsàn wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹni tó ti sá fún ìjọba kan kì í sáré wọ ọ́fíìsì òmíràn. Wọ́n ní orúkọ tí a bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni wọn yóò fi wá lé wa lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan ní àjà kejì tilẹ̀ búra pé eyín ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí èèyàn níbẹ̀ bí ti ẹṣin, pé ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ju ohun tó sọ lọ, wọ́n á dá a padà. Òun fúnra rẹ̀ ti dín ọjọ́ orí tirẹ̀ kù torí àtirí iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà á jù wá lọ.

Ẹnu-wa gba inú ilé náà láti yàrá dé yàrá, ó ń sọ fún wa pé ẹ̀tọ́ wa ni, kò sì sẹ́ni tó máa lé ẹnikẹ́ni nítorí eyín. Èmi ló kọ́kọ́ mú, torí èmi ni ìkérora mi kì í jẹ́ káwọn tó wà nítòsí sùn. Nígbà tí dókítà tẹ àga náà sẹ́yìn, mo rò pé mò ń ṣubú ni. Ẹnu-wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi.

"Ó ní kí o ya ẹnu dáadáa."

Mo ya á.

"Ó ní kí o má bu òun ní ìka jẹ."

"Mi ò tíì bù ú jẹ."

"Ó ní òun rí i lójú rẹ."

Obìnrin ni dókítà náà, kò tíì dàgbà púpọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń dún dé ẹnu ọ̀nà. Ó dí ihò eyín mi, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ eyín bí ẹni pé mi ò fọ ọ́ rí, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀ bí kò bá tilẹ̀ dùn mí. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ọ rí pé èèyàn ń gbé eyín tí kò dùn ún lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Lẹ́yìn tèmi, ọ̀nà là. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ní àkókò ìsinmi rẹ̀, ẹ ó rí Ẹnu-wa tó ń kó èèyàn sọdá títì bí adìyẹ tó kó ọmọ. Ọ̀gá rẹ̀ nílé ìfọṣọ ní bí ẹ̀wù funfun bá ti jáde lásìkò, ohun tó bá wù ú ni kó fi ìsinmi rẹ̀ ṣe. Nígbà tó sì jẹ́ pé kò lè dúró ti gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, ó kó wa jọ sórí àtẹ̀gùn, ó kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú èdè ibẹ̀: "ó ń dùn mí," "ẹ dúró," àti "ẹ ṣé." Ó ní ẹni tó bá gbàgbé gbogbo rẹ̀, kó ṣáà nọ́wọ́ sókè, dókítà á dáwọ́ dúró. Tàgbà tèwe ń ké "ó ń dùn mí" lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, débi pé ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ lóde yà wọlé wá bi wá bóyá kí òun pe ọlọ́pàá. Ẹnu-wa ló dá a lóhùn.

Nínú gbogbo èyí, kò sẹ́ni tó bèèrè eyín Ẹnu-wa fúnra rẹ̀. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí ẹnìkan bá tilẹ̀ dẹ́nu lé e, á ní, "Tèmi kò ní wàhálà," á sì yára mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Kafíńtà nìkan ló mọ̀. Ó mọ̀ pé apá ọ̀tún nìkan ni ìyàwó òun fi ń jẹun, pé kì í fẹnu kan ọbẹ̀ àfi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, pé kànáfùrù kì í tán nínú báàgì rẹ̀, tó sì ń sọ pé òórùn rẹ̀ ló wu òun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gbọ́, kì í ṣe láti sọ.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Nígbà tí wọ́n ṣì wà lójú ọ̀nà, nínú àgọ́ tí wọ́n kó àwọn tó sá fún ogun sí, eyín kan mú un tí kò jẹ́ kó gbádùn. Kò sí dókítà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló ń bá wọn yọ eyín, ẹ̀mú tó fi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe náà ló sì fi ń yọ ọ́. Àwọn ọkùnrin méjì di orí rẹ̀ mú mọ́lẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́. Eyín náà kán sínú, ọkùnrin náà sì tún ki ẹ̀mú bọ̀ ọ́. Ẹnu-wa kò sọ ìyókù fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ yẹn, ó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga dókítà láti àárọ̀ dalẹ́, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé ẹlòmíì ló wà lórí rẹ̀.

Ìyá Àgbà ló wá tú àṣírí náà. Yàrá ìsàlẹ̀ ni ìyá yìí ń gbé, òun nìkan, torí pé ogun ti fọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ káàkiri. Kò ga, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń dé àjà òkè láìgun àtẹ̀gùn. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti ń mì tipẹ́ bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ bọ́, àmọ́ bí Ẹnu-wa bá ti mẹ́nu ba ilé ìwòsàn, á ní, "Eyín yìí bá mi sá ogun. Bó bá fẹ́ lọ, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ." Nígbà tó wá di pé oúnjẹ kankan kò ṣeé jẹ fún un mọ́, ó gbà láti lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, èmi náà wà níbẹ̀, torí ọjọ́ àdéhùn mi pé. Mo ṣàkíyèsí pé Ẹnu-wa wé ìborí rẹ̀ wálẹ̀ gan-an, ó bo gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí?"

Ó ní, "Atẹ́gùn ló fẹ́ mi nídìí fèrèsé."

Mo gbà á gbọ́. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Wọ́n pè wọ́n wọlé. Wọn kò ti ilẹ̀kùn tán, ìjókòó mi kò sì jìnnà, nítorí náà kò sí èyí tó fò mí ru. Ìyá Àgbà gun orí àga, ó gbé báàgì rẹ̀ lé àyà, ó sì pa ẹnu dé pátápátá.

"Ìyá, dókítà ní kí ẹ yanu," Ẹnu-wa wí.

Kò yanu.

"Kò ní dùn yín, mà. Abẹ́rẹ́ kékeré kan ni, lẹ́yìn náà ẹ ò ní mọ nǹkan kan mọ́."

Ìyẹn ló jẹ́ kí Ìyá Àgbà lanu. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Gbogbo àwọn tí mo ti mú wá ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò bèèrè tiwọn. Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo ni ìwọ jókòó síbí?"

"Ìyá, tèmi kò ṣe nǹkan kan."

"Ọmọ mi, mo tọ́ ọmọ títí ọmọ fi bímọ. Mo mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí atẹ́gùn fẹ́, mo sì mọ èyí tí eyín wú. Ká ìborí yẹn sókè."

Dókítà ń wo ẹnu àwọn méjèèjì bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. "Kí ni màmá ń wí?"

Ẹnu-wa rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn díẹ̀."

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ tí wọ́n rán an tí kò jẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Ìyá Àgbà kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ó mọ irọ́ tó bá rí i lójú èèyàn. Ó na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹnu-wa, ó ṣa ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn, ó sì fi èdè àwọn onílùú sọ fún dókítà ketekete pé, "Ó ń dùn mí."

Dókítà wo Ìyá Àgbà, ó wo ìka, ó wo ibi tí ìka kọjú sí. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa á, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dìde, ó rọra ká ìborí náà sókè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹnu-wa wú bíi ti ẹni tó fi ọsàn sẹ́nu.

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ògbufọ̀ gbogbo wọn," dókítà ní. "Ta ni ògbufọ̀ tiyín?"

Ẹnu-wa kò dáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ló mú mi dìde lórí ìjókòó mi, torí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó fìdí lé àpótí kékeré tí dókítà ń jókòó lé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ̀rọ̀ àgọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mú, ọ̀rọ̀ ọwọ́ àwọn tó di orí rẹ̀ mú mọ́lẹ̀. Ó sọ ọ́ ní èdè dókítà, á dúró, á tún yí i padà sí èdè wa fún Ìyá Àgbà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló ń bá a túmọ̀.

"Mo ti gbọ́," dókítà ní. "Mi ò ní fọwọ́ kan ohun tí ẹ ò bá fẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kàn fi iná wò ó."

Ó wò ó. Eyín kan ti kú, ó sì ti kó ọyún sídìí. Akokoro ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà ní ìkejì ṣì ṣeé dí lọ́jọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n eyín tó kú gbọ́dọ̀ jáde lónìí, nítorí ọyún kì í jókòó sójú kan; bó bá bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ó lè dé ibi tí ẹ̀rù rẹ̀ ju ti ẹnu lọ.

Ẹnu-wa wo ilẹ̀kùn. Kó tó yíjú padà, Ìyá Àgbà ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga.

"Jókòó," ó ní. "Màá di ọwọ́ rẹ mú."

"Ìyá, wọ́n dì mí mú nígbà yẹn náà."

"Orí ni wọ́n dì mú. Ọwọ́ ni mo wí. Tó o bá fẹ́ gbà á padà, fà á, màá fi sílẹ̀."

Ẹnu-wa jókòó.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kò pẹ́ tí ètè rẹ̀ lápá òsì fi bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ wálẹ̀. Dókítà bi í bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kú. Ẹnu-wa fẹ́ fèsì, ohun tó jáde sì dà bí ohùn ẹni tó fi tìmùtìmù sẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé etí rẹ̀ kò kú o, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí dókítà ń sọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ní kò sí ẹnikẹ́ni láti ilé wa tó jókòó sórí àga yẹn rí láìní ògbufọ̀, ti ọmọ òun kò sì ní yàtọ̀. Ó ké sí mi: "Wẹ́dà, wọlé wá túmọ̀."

Mo wọlé. Bí a bá da èdè tí èmi gbọ́ pọ̀ mọ́ èyí tí Ìyá Àgbà gbọ́, kò lè ra súìtì kan lọ́wọ́ Onígíláàsì. Dókítà sọ̀rọ̀ gígùn kan. Mo gbọ́ "omi," mo gbọ́ "gbóná," mo gbọ́ "ọ̀la." Mo yíjú sí Ẹnu-wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ní kí ẹ fi omi gbígbóná wẹ̀ lọ́la."

Ìyá Àgbà wò mí. "Kí ni omi ìwẹ̀ fẹ́ ṣe fún eyín?"

"Èmi kọ́, mà. Dókítà ló sọ ọ́."

"Bóyá omi gbígbóná ló ní kó má mu títí di ọ̀la."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà."

Èjìká Ẹnu-wa bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó nọ́wọ́ sókè. Dókítà rò pé ó ń dùn ún, ó ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kíá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rín ni Ẹnu-wa ń rín. Apá kan ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, apá kejì dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tí wọn kò bá sọ ọ̀rọ̀ náà. Dókítà náà bú sẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tó fà á.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, dókítà ní kó yanu. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo ń wo àwòrán eyín ńlá kan lára ògiri, mo ń retí igbe. Igbe kò wá. Nígbà tí mo yíjú padà, dókítà ti ń fi òwú sí i lẹ́nu. Ẹnu-wa ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, ó ń bèèrè ìgbà tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́. Dókítà gbé àwo kékeré kan sójú rẹ̀, eyín náà wà nínú rẹ̀, ìdí rẹ̀ ti dúdú.

Ẹnu-wa wò ó títí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ń ṣàn gba ara ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò mọ̀ pé nǹkan kan ń kan òun. Ìyá Àgbà ṣì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹnu-wa kò sì fà á padà lẹ́ẹ̀kan.

"Ó yá," Ìyá Àgbà wí nígbà tó yá, "dìde níbẹ̀. Ó kàn mí."

Eyín tirẹ̀ jáde wẹ́rẹ́, ó ní òun ti mọ̀ pé ó ti di ẹrù tipẹ́. Nígbà tí à ń lọ, ó sọ "ẹ ṣé" fún dókítà, ó sọ ọ́ fún Onígíláàsì, ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń nulẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún ọ̀gbẹ́ni kan tó jókòó jẹ́jẹ́ tirẹ̀ tó ń dúró kí wọ́n pe òun.

Wàhálà ọ̀sán ọjọ́ náà, inú ilé ló wà. Òwú wà lẹ́nu Ẹnu-wa, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni ọkùnrin tó ń ka mítà iná yàn láti wá bá wa jà. Ó ní a fa wáyà láti ibi tí kò yẹ. Gbogbo wa sáré sí yàrá Ẹnu-wa. Ó na ìka sí òwú, ó wá na ìka sí ọkọ rẹ̀. Kafíńtà wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni, kò rí ẹnikẹ́ni, ló bá sọ̀ kalẹ̀ lọ bá onímítà.

A tẹ̀ lé e láti lọ kẹ́dùn. Kafíńtà gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì bá ọkùnrin náà sọ èdè ìlú náà, díẹ̀díẹ̀, láìṣì í. Ó mú un yípo ilé, ó fi ibi tí wáyà ti wọlé hàn án, ó ṣàlàyé pé àwọn tó kọ́ ilé ló fà á bẹ́ẹ̀ kí á tó dé. Onímítà tọrọ gáfárà, ó sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹnu-wa dúró lórí àtẹ̀gùn, ó dijú, ó lajú, bí ẹni tó bá àlejò nínú yàrá ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ òwú náà ni, "Ìgbà wo lo kọ́ ọ?"

"Ìwọ lo ń sọ ọ́ lójoojúmọ́," Kafíńtà dá a lóhùn. "Èmi ń gbọ́."

"Kí ló dé tí o kò fi sọ ọ́ rí?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan."

Nígbà tí Ẹnu-wa tún sọ fún un pé ó dun òun pé òun jìyà eyín náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, òun tí òun ń mú gbogbo ayé lọ sọ́dọ̀ dókítà, Kafíńtà gbé pákó kan tó ń fá lọ́wọ́ sílẹ̀, ó ní, "Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọ̀bẹ mìíràn ló ń gbẹ́ ẹ." Ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn tó fún un fún ọ̀sẹ̀ náà.

Ẹnu-wa padà lọ dí eyín kejì. Òun nìkan ló dá lọ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé òun, a sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé, à ń díbọ́n pé afẹ́fẹ́ là ń gbà. Nígbà tó dé, ó kàn mi orí, ó wọlé lọ dáná.

Láti ìgbà yẹn, ó yí bó ṣe ń pe àwọn èèyàn sílé ìwòsàn padà. Tẹ́lẹ̀, á ní, "Ẹ lọ, kò dunni." Ní báyìí, á ní, "Ẹ̀rù bà mí, mo sì lọ." Mo ti rí i pé ìkejì yìí ló ń mú àwọn àgbàlagbà gbéra jù. Dókítà gbọ́ nípa rẹ̀, ó bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n sì ní kí Ẹnu-wa wá máa ṣe ògbufọ̀ fún wọn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ gidi, kì í ṣe ti àkókò ìsinmi mọ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀wù funfun kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ̀ ọ́, kò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án.

Láìpẹ́ yìí, àwọn ogúnléndé tuntun dé, wọ́n kó wọn sínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan títí wọn yóò fi rí yàrá. Ẹnu-wa lọ bá wọn níbẹ̀, èmi ni mo bá a gbé àpótí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́. Ó sọ ìtàn ẹ̀mú àti àgọ́ fún wọn, ó fi àlàfo eyín rẹ̀ hàn wọ́n. Àwọn ìyá àgbà tò tẹ̀ lé ara wọn wá yọjú wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo inú kànga, wọ́n ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwọn.

Nígbà tó ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè sọ ọ́, bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde.

"Ọmọ mi, eyín kò sí lẹ́nu èmi mọ́," ó ní. "Ṣé wọ́n lè bá mi wo orúnkún?"

"Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn, bàbá," Ẹnu-wa dá a lóhùn, ó ti ń rìn lọ síbi tó wà. "Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí wọ́n ti ń wò ó. Èwo ló ń dùn yín nínú méjèèjì?"